Ìwé Owó Orí Ló Gbé Mi Dé Òháyò

Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí bàbá mi gbé mi kúrò ní Amẹ́ríkà, mo sì ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì kí n tó tún fi ojú kan ilẹ̀ náà. Ìwé kíkà ló gbé bàbá mi lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, a sì padà wálé nígbà tí yunifásítì fún un níṣẹ́. Ìbà ni mo dàgbà sí. Òkókòmáíkò ni mo ti ń rán kọ́tìnnì, ibẹ̀ náà ni èmi àti ọkọ mi, Múfútàù, ń gbé. Èmi àti Múfútàù jọ dàgbà ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ara wa lórúkọ, ẹ má bínú sí mi.

Àwọn tó mọ̀ pé mo ní ìwé ọmọ Amẹ́ríkà máa ń wò mí bí ẹni tó ní kànga tí kò pọnmi nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, “Láyọ̀, kí lo wá ń ṣe ní Òkókò?” Mo máa ń sọ fún wọn pé kọ́tìnnì ni mò ń rán. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ Múfútàù, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Àlàbá, ti ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ atutù ńláńlá, irú èyí tó ń mú gbogbo ilé ẹran tutù, kò sì rí ẹni tó máa kọ́ ọ níbí. Mo ti ṣèlérí fún un nígbà tí a fẹ́ra wa pé lọ́jọ́ kan a máa jọ lọ. Ọdún kẹfà pé tí mo ṣe ìlérí yẹn, a mú ìwé ìgbéyàwó wa, a lọ rí lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà

Obìnrin ni lọ́yà náà, àgbàlagbà tó ń wo èèyàn láti orí ìgò ojú. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà Ìbà. Ó yẹ àwọn ìwé wa wò títí, ó wá bi mí pé, “Ìwé owó orí yín ńkọ́?”

Mo ní, “Mà, mò ń san ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́.”

“Ti Amẹ́ríkà ni mò ń bi yín.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà rí, mà.”

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ọmọ orílẹ̀-èdè yẹn, ibi yòówù kó máa gbé láyé, bí ohun tó ń rí bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ó gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé owó orí ránṣẹ́ sí wọn lọ́dọọdún. Ó ní èèyàn lè má san nǹkan kan, àmọ́ dandan ni kíkọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ìwé yẹn ló máa fi hàn pé òun lè bọ́ ọ.

“Pé mo lè bọ́ Múfútàù?”

Múfútàù dá a lóhùn kí lọ́yà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ó ti ń bọ́ mi tipẹ́, mà. Kí wọ́n wá wo ìkòkò wa.”

Lọ́yà ní kò sí ẹni tó máa wo ìkòkò. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé àwọn ọdún tí mi ò kọ, kí n ní ilé àti iṣẹ́ lọ́hùn-ún, bí owó iṣẹ́ náà ò bá sì tíì tó ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí n wá onídùúró tí ìwé owó orí tirẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Múfútàù dì mí lọ́wọ́ mú. Àwa méjèèjì ti mọ̀ pé èmi nìkan ni mo máa kọ́kọ́ lọ.

“Káàbọ̀ sílé”

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú fún yín. Ìjókòó ni, ẹ̀yìn sì dùn mí. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni òṣìṣẹ́ ẹnubodè tó gba ìwé mi, ọkùnrin òyìnbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, “Káàbọ̀ sílé.” Mo bojú wẹ̀yìn kí n mọ ẹni tó ń kí. Èmi ni. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo dúpẹ́, ó sì nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbá mi mú. Ó rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Bọ̀dá Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló wá gbé mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Òháyò. Ilé rẹ̀ tóbi, mọ́tò méjì ló wà níwájú rẹ̀, Àǹtí Bísí ìyàwó rẹ̀ sì ti tọ́jú yàrá kan dè mí. Wọ́n fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀bà kí mi káàbọ̀. Mo jẹun, mo sunkún díẹ̀, mo sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó síwájú ilé kí n lè kí àwọn aládùúgbò. N kò rí ẹnì kankan kí. Mọ́tò á jáde láti inú gáréèjì, ilẹ̀kùn gáréèjì á ti ara rẹ̀. Nígbà tí obìnrin kan tó ń sáré kọjá wá yọ, mo kí i, mo bi í léèrè ilé àti ọmọ. Ó dúró, ó yọ nǹkan tó wà ní etí rẹ̀, ó ní, “Ṣé kò sí wàhálà?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Ó dára,” ó sì ń sáré lọ.

Ẹ má rò pé wọn ò níwà. Tí o bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹni tó ṣáájú rẹ dé ẹnu ọ̀nà á di ilẹ̀kùn mú dè ọ́, ìwọ náà á wá máa sáré kí ọwọ́ má baà ro ó. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó máa di ilẹ̀kùn mú dè ọ́, àmọ́ tí o kò bá kí èèyàn, o bú u nìyẹn. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé ìkíni tiwọn ni ilẹ̀kùn yẹn.

Ohun tó ń rí mi lára jù ni ìbéèrè kan. “Níbo lo ti wá?” Mo máa ń ní, “Ibí ni wọ́n bí mi sí.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, “Rárá, níbo lo ti wá gan-an?” Nígbà tó yá mo kàn ń sọ pé Òkókòmáíkò, gbogbo wa á sì sinmi.

Mọ́ínmọ́ín

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ibi ìfọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, láti máa ká ṣíìtì àti láti máa rán èyí tó bá ya. Ọ̀gá wa níbẹ̀ ń jẹ́ Lọréènì, adúláwọ̀ ọmọ ibẹ̀, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Lọréènì, títí kan ọmọ ogún ọdún. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Màmá Lọréènì lọ́jọ́ kìíní, ó ní òun kì í ṣe ìyá mi. Mo tún pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta ó dáhùn.

Níbẹ̀, bí àkókò oúnjẹ bá tó, oníkálùkù á kọjú sí abọ́ tirẹ̀ àti fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣí mọ́ínmọ́ín tí mo sè sínú kọ́ọ̀pù, Màmá Lọréènì sì ń kọjá lọ. Mo ṣe bí a ti kọ́ mi nílé, mo ní, “Ẹ wá jẹun o.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún á dáhùn pé á gba ibi ire, á sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá Lọréènì fa àga, ó mú ṣíbí, ó jẹ ìdajì. Mo ń wò ó ni. Ó ní, “Kí lèyí?” Mo ní ẹ̀wà ni. Ó ní irọ́ ni, pé òun ti ń jẹ ẹ̀wà láti kékeré.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé búrẹ́dì àgbàdo wá fún mi pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kan tó sè pẹ̀lú ẹran yíyan. Mo tọ́ ẹ̀fọ́ yẹn wò, mo sì mọ̀ pé kò sí bó ṣe máa jẹ́, àwọn ìyá ìyá wọn àti tiwa ti jọ dáná rí.

Tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Fránkì

Lẹ́yìn tí ọdún yí, tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, Àǹtí Bísí sọ fún mi pé àwọn kan máa ń jókòó sí ilé ìkàwé ìlú lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń bá èèyàn kọ ìwé owó orí lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Fránkì ló kàn mí, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ bó bá ti di kọ̀ǹpútà mú, kò gbọ̀n mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara mi bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, pé mi ò mọ̀ ni, pé ẹnì kankan ò sọ fún mi. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, “Arábìnrin, a ti rí èyí tó burú ju tìẹ lọ. O wá fúnra rẹ, àbí? Jókòó.”

A kọ ti ọdún yẹn, a sì tún ti àwọn ọdún tí mo fi ń rán kọ́tìnnì nílé tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ já sí pé mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan tí kò ṣeé san. Èmi tí mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí lọ́yà ti la ọ̀rọ̀ náà yé mi!

Ó wá béèrè pé, “Ṣé o lọ́kọ?”

“Mo lọ́kọ.”

“Níbo ló wà?”

“Òkókòmáíkò.”

Ó gbìyànjú láti pe orúkọ ìlú náà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbìyànjú. Obìnrin tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi náà gbìyànjú, kálukú sì ní ibi tó ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀rín wá sọ nínú ilé ìkàwé tó yẹ kó dákẹ́.

Àmọ́ nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà ọkọ sí, Múfútàù ò ní nọ́ńbà tí ìjọba wọn fi ń dá èèyàn mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fránkì ní kò sí wàhálà, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta síbẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àjèjì tí kì í gbé níbí ni. Mo mọ̀ pé kò bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, mo wo lẹ́tà mẹ́ta yẹn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe mí bíi pé wọ́n ní kí ọkọ mi dúró síta nínú òtútù. Bàbá náà rí ojú mi. Ó rọra sọ pé, “Ohun tí ìwé ń pè é nísinsìnyí ni. Ìyẹn máa yí padà.”

Bọ̀dá Délé

Ìwé mi ti mọ́, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ péré ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọdún tó kọjá, ohun tó wà lórí rẹ̀ ò sì tó. Mo nílò onídùúró. Gbogbo wa la mọ ẹni tó yẹ kó jẹ́, ilé rẹ̀ ni mò ń gbé.

Mo kúnlẹ̀ bẹ Bọ̀dá Délé. Ó ní, “Dìde, Láyọ̀. Ṣé èyí náà ni? Tí ọ̀sẹ̀ bá parí.” Ọ̀sẹ̀ parí. Ó ní ìwé òun wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ mìíràn tún parí. Inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ̀jẹ̀ wa ò tó nǹkan lójú ẹni tó lówó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ó pa mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà. Kò wò mí. Ó ní, “Ọwọ́ sí ọwọ́, láìsí ìwé, ni wọ́n máa ń sanwó fún mi nínú iṣẹ́ ilé kíkùn tí mò ń ṣe. Mi ò kọ ìwé owó orí láti ọdún mẹ́rin. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, èyí tí mo kọ, bí o bá rí i, wàá rò pé mò ń ṣagbe ni.” Ó pa ọwọ́ pọ̀. “Gbogbo ilé yẹn, Láyọ̀, kò sí lórí ìwé. Lójú ìwé, èmi gan-an nílò onídùúró.”

Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi léjìká. Ìbínú mi tán síbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta

Màmá Lọréènì rí mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Ṣíìtì kan náà lo ti ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ló ṣẹlẹ̀?” Mo sọ fún un. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò sọ ọ́ kí ó lè ràn mí lọ́wọ́. Mo kàn ń sọ ohun tó ń dùn mí ni.

Ó gba ṣíìtì náà lọ́wọ́ mi. “Kí ló dé tí o ò bi mí bóyá mo lè dúró fún un?”

“Mi ò lè bi yín, mà. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí yín?”

“Níbí, ẹni tó bá fẹ́ nǹkan á béèrè. Ẹni tí wọ́n bi á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni o. Mo fẹ́ rí ọkọ náà.”

A pè é lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn. Àlàbá ń hó lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé fóònù ti ara fíríìjì kan. Bó ṣe rí ojú Màmá Lọréènì, ló bá pòórá. Àjà ìsọ̀ nìkan la ń wò. “Níbo ló lọ?” ni Màmá Lọréènì ń bi mí. Mo ní ó ń dọ̀bálẹ̀ kí yín ni. Ó ní, “Sọ fún un kó dìde, mi ò rí i!”

Ó bi í pé ṣé ó lè dáná. Múfútàù ní ẹ̀wà àti ìrẹsì, pé ọbẹ̀ òun ò dára. Ó bi í pé bó bá dé, tí òtútù mú un, tí kò tíì níṣẹ́, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń jáde lọ ṣiṣẹ́, ta ni ó máa bínú sí? Múfútàù ronú. Ó ní, “Ó ṣeé ṣe kí n bínú sí ara mi, mà. Mi ò ní bínú sí i.”

“Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé yìí, kí lo máa fún mi?”

Ojú tì í. Ó ní, “Mi ò ní nǹkan kan, mà.”

Màmá Lọréènì yí sí mi. “Ká ní ó ṣèlérí mọ́tò fún mi ni, mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bínú. Mo wà ní ilé ìdáná wọn lọ́jọ́ Àìkú tó sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ lójú. Ó ní, “Màmá, ìdúró yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀, kò ní kúrò lọ́rùn yín. Ìjọba lè bá yín ṣẹjọ́.” Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bí màmá bá ní rárá, mi ò ní yí ojú mi padà sí wọn láé.

Màmá Lọréènì wọ yàrá, ó gbé fáìlì kan jáde. Ìwé owó orí rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó tò wọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí di ọdún yẹn, ọdún kan ò fò. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń kọ nǹkan wọ̀nyí, ẹnì kan ò sì béèrè wọn rí. Ó tó kí wọ́n ṣe ẹnì kan láǹfààní.” Ó fọwọ́ sí i lórí tábìlì ilé ìdáná. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì bi mí bí wọ́n ṣe ń se mọ́ínmọ́ín.

Sátidé méjì lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀dá Délé kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó gbé àpò ìwé kan dání. “Bàbá inú ilé ìkàwé yẹn, ṣé kì í jágbe mọ́ èèyàn?” Mo ní kì í jágbe. Mo bá a lọ. Ọ̀gbẹ́ni Fránkì wo àpò náà, ó ní ti Bọ̀dá kọjá agbára tábìlì òun, ó wá kọ orúkọ ẹni tó máa bá a tò ó sí bébà. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, àmọ́ nígbà tí a ń padà, ẹ̀gbọ́n mi ń súfèé. Àǹtí Bísí gbọ́ ọ nígbà tí a wọlé, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Èsì

Mo wálé nígbà tí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà pe Múfútàù fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òkókò ò yí padà, àfi pé òórùn epo jẹnẹrétọ̀, tí mi ò mọ̀ rí pé ó wà, wá ń lù mí nímú. Àwọn aládùúgbò ní mo ti sanra. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í kí èèyàn lọ́hùn-ún? Mo ní wọ́n ń di ilẹ̀kùn mú. Ó gba àlàyé.

Ní ọjọ́ náà, mo dúró síta pẹ̀lú àwọn ẹbí àwọn ẹlòmíì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lérékùṣù, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Múfútàù wọlé pẹ̀lú fáìlì àti ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó jáde. Fáìlì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, “Ìwé ìrìnnà ẹ dà?”

“Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.”

Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kígbe pé, “Wọ́n ti fún un nìyẹn! Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ ni wọ́n ń dá tirẹ̀ padà fún!” Ó dì mọ́ mi bí ọmọ ìyá. Ọmọ tirẹ̀ ṣì wà nínú ilé nígbà yẹn.

Múfútàù ní obìnrin òyìnbó tó fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò yẹ àwọn ìwé owó orí wò tipẹ́tipẹ́, ó wá béèrè pé ta ni Lọréènì sí òun. Òun ní ìyá wa ni, pé òun ò sì tíì rí i lójúkojú rí. Obìnrin náà gbójú sókè. “O ò rí i rí, ó sì gbà láti dúró fún ọ?” Múfútàù ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ya èmi náà lẹ́nu.” Ó ní obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. A ò tíì kọjá afárá tí Múfútàù fi sùn sí èjìká mi, torí pé kò sùn láti ijọ́ mẹ́ta. Kọ̀ńdọ́ pe Ìyànà-Ìbà, kò gbọ́. Ó pe Òkókò, ibi tó yẹ ká ti sọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi tọmọdé, mi ò sì jí i. Ọkọ̀ gbé wa dé Igbó-Elérin kí ọkọ mi tó la ojú. Ó wòta, ó ní, “Láyọ̀, a ti kọjá ilé.” Mo ní mo mọ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a ra ẹ̀pà sísè, a sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.